Ìròyìn Ẹ̀yìnkùlé fún Adéyọyin

Òjò kìn-ín-ní dé ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta,
láti ọ̀nà Ọ̀wọ̀, pẹ̀lú ìjì tó ká páànù méjì lórí ilé Akínnadé.
Mo gbé agolo mílíìkì lé etí kànga bí mo ti máa ń ṣe.
Omi inú rẹ̀ tó ìwọ̀n ìka kan àbọ̀.

O ti kìlọ̀ fún mi kí o tó wọ bàlúù:
"Má fọkàn tán àkọ́rọ̀. Ó kàn ń kí ni ni, kò tíì gbẹ́rù dé."
Ṣùgbọ́n òórùn erùpẹ̀ tútù pa mí bí ọtí.
Èmi wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ta okùn sórí ilẹ̀ onílẹ̀
láìgbin ewébẹ̀ kan sí i,
mo bọ́ bàtà, mo gbin àgbàdo ní ìlà mẹ́rin,
ó gún régé bí ààlà tí kóòtù fọwọ́ sí.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Òjò ò padà.
Oòrùn jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo Ìjọ̀kà bí ológò,
ó ní òun ò ní dìde àfi bí a bá san gbèsè tán.
Àgbàdo yọ ewé méjì méjì,
ó ká wọn mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú,
ó sì kú sórí ìlà, láìyẹsẹ̀.

Mi ò sọ fún ọ nígbà tí o pè.
Ìtàn yìnyín ni ò ń sọ,
bó ṣe bo mọ́tò ọkọ ọmọ wa dé fèrèsé.
Yìnyín bọ́ níbí náà, ní oṣù kẹrin.
Mo he ẹyọ kan tó tó ẹyin àparò,
mo fi í pamọ́ sínú firísà kí o lè bá a.
Wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Akínnadé ló yọjú lórí fẹ́ńsì:
"Ọ̀gá, ilẹ̀ ò mọ̀wé o.
Ẹ da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ẹ kó ewé gbígbẹ lé e,
kí ẹ sì jẹ́ kó gbàgbé yín fún ọ̀sẹ̀ méjì."
Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo tún gbìn, wúruwùru ni mo gbìn ín.
Ó hù.

Oṣù keje, Yọyin, inú omi là ń gbé.
Agolo kún, ó ṣàn dànù, mo jáwọ́ wíwọ̀n.
Aṣọ tí mo sá lọ́jọ́ Ajé, ó tutù di Ọjọ́bọ̀.
Bíbélì rẹ bu létí; mo fi àkísà nù ún, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.
Ìgbín wá lóru, wọ́n jẹ tòmátì inú ike ọ̀dà,
wọ́n fi igi rẹ̀ lásán sílẹ̀.
Èmi náà jẹ wọ́n. Mo fi ata sí i dáadáa.

Ohun kan wà tí mi ò gbìn.
Níbi tí o máa ń da omi ìfọbọ́ sí, lẹ́yìn ilé ìdáná,
elégédé kan yọ. Ó gun ògiri, ó gun okùn ìsáṣọ,
ó di apá ẹ̀wù mi kan mú tí mo gbàgbé síbẹ̀.
Ó so mẹ́ta. Ìyá Akínnadé gba ọ̀kan.
Méjì tó kù wà lábẹ́ ibùsùn, ní ìhà tìrẹ.

Ìparí oṣù kẹsàn-án nìyí. Àrọ̀kúrọ̀ ò ní pẹ́ kó ẹrù.
Mo fẹ́ gbin ilá kí ọyẹ́ tó dé.
Mo ṣí agolo bisikíìtì tí o ní irúgbìn wà nínú rẹ̀.
Ìwé pélébé kan ni mo bá, ìkọ̀wé rẹ:
"Bàbá Ọmọ́wùmí, jẹ́ kó rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ná."
Irúgbìn ò sí níbẹ̀.

Àbí o mú un dání lọ sínú yìnyín ni?
Agolo ti òní: ìka méjì.
Ó ti rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, Adéyọyin.